Mo Ní Adìẹ Ni

Dókítà Mojírayọ̀ bi mí l'Élẹ́yẹlé,
níbi tí wọ́n ń kó àwọn ológbò tí ò nílé sí:
"Ta ni yóò máa bọ́ ọ bí ẹ bá rìnrìn àjò?
Ṣé nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé?
Ṣé ẹ lájá? Ṣé onílé yín gbà?"
Nígbà tí mo ń relé ọkọ,
ẹnikẹ́ni ò bi ọkọ mi tó báyìí.
Mo tẹ̀ka sí ìwé. Mo san owó abẹ́rẹ́.
Wọ́n gbé e jáde láti inú kéèjì keje,
abo, dúdú mọ́ funfun, ṣóńṣó etí òsì rẹ̀ ti gé,
ó ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ lówó.

Apẹ̀rẹ̀ ni mo gbé e sí, mo fi gèlè àtijọ́ bò ó.
Awakọ̀ Máíkírà ní, "Ìyá, kí ló wà níbẹ̀ yẹn?"
Mo ní adìẹ ni.
A ò tí ì kọjá Mọ́kọ́lá tí adìẹ fi ké, "Ńyáò!"
Ọ̀gbẹ́ni tẹ bíréèkì,
ó ní òun kì í gbé àwọn ìyá ayé lọ́sàn-án.
Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Yemẹtu, oòrùn ń ta mí lórí,
apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún,
abọ́ tí yóò máa yàgbẹ́ sí lọ́wọ́ òsì.

Ó wọ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó di òkúta.
Ọjọ́ kan, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹrin.
Sáwá tí mo bọ̀ fún un kò dín,
àfi lóru, nígbà tí mo bá ń hanrun.
Ìyá Ràfátù tó wá gba bùbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà:
"Ẹ fà á jáde! Ẹ so ó mẹ́sẹ̀ àga!
Ẹran tẹ́ ẹ fowó yín gbà!"
Mi ò dá a lóhùn. Mo fi eyín di abẹ́rẹ́ mú.

Mi ò dá a lóhùn, nítorí mo mọ abẹ́ nǹkan.
Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n mú mi láti Ìgbẹ́tì
wá bá àbúrò bàbá mi ní Òkè-Ààrẹ,
èmi, àpò ike kan, àti ikọ́.
Ẹ̀yìn àgbá omi ni mo sá sí.
Wọ́n pè mí, wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n fi pàṣán hàn mí.
Àgbá náà tutù, ó ń rùn bí irin, mo fẹ́ràn rẹ̀.
Ìyàwó kékeré, Àwẹ̀ró, ẹni tí ò bímọ,
ló gbé àkàrà méjì kalẹ̀ níbi tí ọwọ́ mi lè tó,
ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń ṣa ẹ̀wà.
Kò wẹ̀yìn.
Ó ṣa ẹ̀wà títí ilẹ̀ fi ṣú,
bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà ọ̀hún ti mọ́ tipẹ́.

Nígbà tí dókítà tẹ̀ mí láago pé,
"Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ má wo ojú rẹ̀,"
mo ní mo gbọ́. Mi ò sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ.
Mo tẹ́ ẹní. Mo kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ.
Mo ń tú ojú rírán tí kò bàjẹ́,
mo tún ń rán an.

Alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, òjò dé, iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bú,
nǹkan fò, àpótí òwú dànù.
Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́.
Lẹ́yìn náà, imú tútù kan ní gìgísẹ̀ mi,
ẹ̀ẹ̀kan péré, bí ẹni tẹ òǹtẹ̀ lu ìwé.
Mi ò wẹ̀yìn.

Mo sọ ọ́ ní Fìdímúlẹ̀. Kì í jẹ́ ẹ.
Ariwo agolo sàdíìnì ló ń jẹ́.
Kò gbà kí n gbé òun; ó ti ha mí lápá lẹ́ẹ̀mejì.
Irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ oníbàárà, mo ń bẹ̀bẹ̀ kiri.
Ìyá Ràfátù ò tí ì wọlé,
àmọ́ lánàá ó mú orí ẹja wá nínú láílọ́ọ̀nù,
ó ní òun ò mú un wá fún ẹnì kankan, ó kàn ṣẹ́ kù ni.

Nírọ̀lẹ́ yìí mo ṣí ilẹ̀kùn gbayawu.
Fìdímúlẹ̀ rìn dé ìloro, ó wo ọ̀nà Yemẹtu,
ọ̀kadà, ewúrẹ́, ọmọdé tó ń ta omi,
ó wò ó dáadáa.
Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń ṣa bọ́tìnnì.